Mo Lọ sí Agége Láti Dá Mojísọ́lá Padà Sídìí Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, ìdáhùn tí mo sì ń fún yín kò dọ́gba. Ẹni tó bá mi lójú ọ̀nà gbọ́ pé dáadáa ni Mojísọ́lá wà. Ẹni tó bá mi nílé gbọ́ pé kí ó bá mi fi ọmọ náà sínú àdúrà. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò pé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe rí, láì fi iyọ̀ sí i.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ńjíníà ni ọmọ mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò ike ní Ìkẹjà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣe garawa, abọ́, àga, àti búùtà tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Òun ni ó ń bójú tó mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin wíwúwo méjì tí wọ́n máa ń pa dé mọ́ra, tí ike yíyọ́ yóò ṣàn sí àárín wọn, tí yóò sì ti di garawa nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Iṣẹ́ tó lórúkọ ni. Nígbà tó wá pè mí pé òun ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Agége, pé ohun tí òun ń kọ́ wọn ni bí a ṣe ń ronú ohun èlò kí a tó ṣe é, mo bi í léèrè bóyá wọ́n lé e ni. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Ó ní ara òun le. Ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí, nítorí àìsàn ní oògùn.

Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ fẹ́ kí ó padà. Ipò olórí ẹ̀ka mọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀, ọ̀gá náà sì ránṣẹ́ sí i pé òun yóò dúró dè é di ọjọ́ Ajé kan, pé bí kò bá dáhùn, òun yóò fi ẹlòmíràn sí i. Mojísọ́lá kò fi í pamọ́ fún mi. Mo ní mò ń bọ̀.

Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, Màámi. Ẹ wá wo ilé iṣẹ́, ẹ sì wá wo ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ti rí méjèèjì tán, ohun tí ẹ bá sọ ni n ó ṣe. Mi ò fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ lè sùn."

Ohun tí n ó sọ ti wà lẹ́nu mi kí n tó wọ ọkọ̀ ní Ìkọ̀lé.

Bí wọ́n ṣe gbà mí

Ojú ọ̀nà kò ní ìtàn. Mo gbàdúrà títí a fi dé Bẹ́gà, níbi tí ọkọ̀ ti já wa sílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú àpò iṣu mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbá àpò náà mú láì kí mi. Mo di tèmi mú ṣinṣin, mo ti ń wá ẹni tí n ó ké sí.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ jàre, mo fẹ́ bá yín gbé e ni."

Ó gbé e gun afárá, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lódì kejì, ó sì ti pẹ̀yìn dà kí àdúrà tí mo ń ṣe fún un tó délẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nípa wọn nìyẹn. Ẹni tí kò ráyè kí ọ níbẹ̀ lè ráyè gbé ẹrù rẹ. Nílé wa níbí, kíkí ló ń ṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọ gbé ẹrù yóò kọ́kọ́ béèrè ọkọ, ọmọ àti iṣu oko, ẹrù yóò sì ti wọni lọ́rùn kí ó tó kan ọwọ́.

Mojísọ́lá dé, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ eléruku náà. Mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo apá rẹ̀. Ó ti fọn díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Mo bi í ohun tó jẹ láàárọ̀, ó sọ ọ́, mo sì ní kí ó tún un sọ kí n lè mọ̀ bóyá yóò yí i padà. Nígbà tí ọkọ̀ gbé wa kọjá ọ̀nà Ọ̀mọ̀lé, níbi tí mo mọ̀ pé ó ń gbé, mo ní awakọ̀ ti ṣìnà. Mojísọ́lá rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní òun ti kó kúrò níbẹ̀, pé Agége sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́, owó ilé ibẹ̀ sì bá ohun tí tíṣà ń gbà mu. Mo kọjú sí fèrèsé ọkọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ mí dáadáa, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ilé Alhaja Sàláwátù, arúgbó ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, ni ó ń gbé. Mo mi irin ojú fèrèsé wò, ó dúró. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí i, mo tún tì í, mo sì ní kí ó ra àgádágodo mìíràn kún èyí tó wà níbẹ̀. Alhaja dúró lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Mojí, ẹ mi ògiri náà wò, kó má lọ jẹ́ pé ó ń yẹ̀." Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò, ó gbóná débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ̀wà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ yẹn dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, Alhaja ní òun kò lè gba ará Èkìtì lálejò láì fún un ní iyán. Ó da ìyẹ̀fun funfun sínú omi tó ń hó, ó rò ó bí ẹni ń ro àmàlà, ó sì gbé e síwájú mi. Ẹ̀yin ará ilé, kò sí odó nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ lọ sí ọ̀fun. Alhaja bi mí bí ó ṣe rí. Mo ní ó dára púpọ̀, mo ní ó jọ ti ilé. Nítorí ìyẹn, ó tún rò ó fún mi lọ́jọ́ kejì, abọ́ ti ọjọ́ kejì sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ilé iṣẹ́

Lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, wọ́n gba sálúbàtà mi, wọ́n fún mi ní bàtà aláwọ tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n tú gèlè kí n lè dé akoto. Mo tú u, mo dé akoto. Mojísọ́lá fẹ́ yà mí ní fọ́tò, mo ní kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Ooru inú ibẹ̀ dà bí ooru ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ yàtọ̀, bí ìgbà tí ọ̀rá bá ń jó lórí ẹ̀yinná. Ẹ̀rọ kan ń ya ẹnu, ó ń tu abọ́ jáde, ó ń pa ẹnu dé, ó tún ń ya á. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ń jáde wá láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń kí Mojísọ́lá. Obìnrin kan tó ń to ọmọrí dì mọ́ ọn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ padà wá jàre, ẹ̀rọ kẹta ti ń bá wa ṣagídí látìgbà tí ẹ ti lọ. Tiyín nìkan ló ń gbọ́." Inú mi dùn. Bí ẹ̀rọ àti ènìyàn bá ń béèrè ọmọ ẹni, kí ni a tún ń wá kiri?

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, ọmọ Ìjẹ̀bú, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹ mọ̀ pé ní tiwa níhìn-ín, a lè pe àgbà ní "ìwọ" kí ó má bínú. Mo ṣọ́ ẹnu mi gidigidi kí n má lọ pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní mínírà tútù. Ó sọ fún mi pé Mojísọ́lá lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó fi etí lásán mọ ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ kò dá. Ó ní òun kò lè dúró ju ọjọ́ Ajé lọ, nítorí pé àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ti ń fúngun mọ́ òun.

Ó ní, "Màmá, ilé ni a ní kó padà sí, a ò ní kó lọ sóde. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́."

Mo fún un ní nọ́ńbà fóònù mi. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ó fi abọ́ ọlọ́mọrí tó wọnú ara wọn ta mí lọ́rẹ.

Nígbà tí à ń jáde, a kọjá níbi tí wọ́n to búùtà jọ sí bí òkè. Mojísọ́lá mú ọ̀kan. Ó ní òun ni ó ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i sókè sódò, mo ní ó dára.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn wí. Ó sọ fún mi pé inú kọ̀ǹpútà ni òun ti ya ọwọ́ búùtà náà, òun kò sì tí ì rí ẹni tó ń lò ó rí. Lọ́jọ́ kan, òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan tó ń gbé ilé Alhaja nígbà náà, òun sì bá Alhaja níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Oríkèé ìka Alhaja ti wú látàrí ogbó, ìka rẹ̀ kò wọ inú ọwọ́ búùtà náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ìdajì omi sì dà sí i láṣọ. Mojísọ́lá lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé. Ọ̀gá náà ní ọjà ń tà, mọ́ọ̀dù titun kì í sì í ṣe ohun kékeré, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Wọn ò purọ́ fún mi, mi ò sì bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò lè wo búùtà náà mọ́ kí n má rí aṣọ Alhaja."

Ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ Sátidé. Láti orí Sátidé ni ó ti di gbogbo ọ̀sẹ̀.

Mo ní, "Mojí, omi lásán ló dà sílẹ̀. Ta ló kú?" Ó dá búùtà padà sí ibi tó ti mú un.

Níwájú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́

Ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ gbọ̀ngàn gígùn tí wọ́n fi páànù bò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn kan ti ń jó irin pọ̀, ariwo wọn sì ń wọlé bí àlejò tí a kò pè. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti tún fóònù ṣe rí ní ọjà fóònù Computer Village kí wọ́n tó wá. Wọ́n kí mi ní ìkíni Èkó, orúnkún kò kan ilẹ̀ tán kí ó tó dìde, ṣùgbọ́n ojú wọn ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n ṣe wà láàárín gbọ̀ngàn. Ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì omi ńlá, bí ó ṣe ń wúwo tó bí ó bá kún. Arúgbó kò lè gbé e dà. Wọ́n ṣe àtẹ irin kan tí kẹ́ẹ̀gì yóò sùn lé, irin gígùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọwọ́. Bí a bá fà á, kẹ́ẹ̀gì yóò dorí kodò díẹ̀, omi yóò sì jáde láì sí pé a gbé nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rùkáyátù ni aṣáájú àwọn tó ṣe é. Ilé Alhaja ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé, kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa lò ó.

Wọ́n ní àṣà kan nínú kíláàsì náà tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Wọn yóò mú ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n ṣe, wọn yóò ní kí ó lò ó, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. Wọn kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa wò. Lọ́jọ́ náà, èmi ni ẹni yẹn.

Gbogbo wọn yí mi ká, wọ́n dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, àárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni mí ní tòótọ́. Mo fa irin náà. Ó wálẹ̀, ó sì há mi níka mọ́ ara àtẹ. Ìrora náà gun mi dé èjìká. Omi tú jáde lójijì, ó sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo yọ ìka mi, mo fi í pamọ́ sínú ìró mi, mo rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ó dára púpọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọlọ́run yóò gbé yín ga, ẹ ò ní ṣe àṣedànù."

Wọ́n ṣe àmín, páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ká. Rùkáyátù kúnlẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mojísọ́lá wo ẹsẹ̀ mi tó tutù, ó wo ìró mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Màámi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dára?

Ṣíbí

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iyán ìyẹ̀fun tún dé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi ti wú, kò ṣeé tẹ̀. Mi ò sì lè fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú Alhaja. Mo rọra ní kí wọ́n bá mi mú ṣíbí wá.

Mojísọ́lá dáwọ́ oúnjẹ tirẹ̀ dúró. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin, ẹ fẹ́ fi ṣíbí jẹ iyán?"

Mo ní ọ̀làjú Èkó ti ń ràn mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wo ọwọ́ mi. Mo mú un jáde. Ìka náà ti dúdú ní ìdí èékánná. Alhaja pe orúkọ Ọlọ́run, ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá.

Mojísọ́lá kò bá mi jà. Ìbá sàn kí ó bá mi jà. Ó tẹ aṣọ bọ inú omi, ó ń fi rọra tẹ ìka mi. Mo ní kí ó sọ fún àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀, pé irin wọn máa ń há ènìyàn.

Ó ní, "Bí èmi bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tíṣà ni. Ìka yín ló há."

Mo ní mi ò lè ṣe é. Mo ti súre fún wọn.

Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé iṣẹ́, ó dára ni wọ́n ń sọ fún mi. Àwọn tí kò dára fún, mi ò rí wọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ni, Màámi, ẹ̀yin lẹ fi kọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n Alhaja ni wọ́n fẹ́ gbé e fún lọ́jọ́ Sátidé."

Alhaja ló ń bá a fún aṣọ náà bí Mojísọ́lá ti ń sọ̀rọ̀. Mo wo oríkèé ìka rẹ̀, bí wọ́n ti rí roboto, bí kò ti lè ká wọn pọ̀ tán. Èmi tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo ti súre fún ohun tí yóò fọ́ ìka obìnrin yìí.

Mo ní n ó lọ sọ fún wọn. Bí mo sì ti ń sọ òótọ́ lọ́wọ́, mo yíjú sí Alhaja, mo ní, "Ẹ má bínú o. Iyán yìí, kì í ṣe iyán."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi náà kì í jẹ ẹ́. Mo rí i pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni mo fi ń rò ó."

Ohun tí mo rí lójú ọmọ mi

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú wọn, mo na ìka mi sókè. Mo sọ ibi tó ti há mi, mo sọ bí mo ṣe fi í pamọ́.

Rùkáyátù wo ìka mi. Ó ní, "Mọ́mì, àdúrà àná ńkọ́? Mo ti ṣe àmín."

Mo ní, "Àdúrà wà níbẹ̀. Ọwọ́ irin yẹn ni kò dára."

Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Rùká, àmín ẹ pariwo jù, ìyẹn ni ò jẹ́ kó o gbọ́ igbe Mọ́mì." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí nítorí ìka mi. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tirẹ̀ sí ibi tí tèmi wà, ó fa irin náà, ó sì fò sẹ́yìn.

Ó yíjú sí Mojísọ́lá kí ó sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Mojísọ́lá kò sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Èmi gan-an ti rí i: kí wọ́n ti ọwọ́ irin náà sóde díẹ̀ kúrò lára àtẹ. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, Mojísọ́lá, tí mo ti jókòó tì, sì di etí ìró mi mú lábẹ́ tábìlì.

Mo bá wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí gan-an. Ó jókòó sétí àga, ó fi ara síwájú, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà ní ṣíṣí lórí orúnkún, bí ọwọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń dúró tẹ̀ẹ̀tẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Rùkáyátù. Mo rí i nílé iṣẹ́, gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ojú yẹn níbẹ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n jiyàn, wọ́n bú ara wọn, wọ́n gé irin ní àgéjù, wọ́n tún òmíràn gé. Rùkáyátù ló padà ti ọwọ́ irin náà sóde, ó sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e, èyí tí èmi kò rò rárá. Wọ́n pè mí. Mo fà á, kò há mi. Wọn kò tí ì bi mí kí n tó sọ fún wọn pé omi náà ṣì ń yára jù.

Rùkáyátù ní, "Ẹ wo Mọ́mì. Ó ti dùn mọ́ wọn."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé e dé. Alhaja fi àtẹ́lẹwọ́ kan ti irin náà wálẹ̀, omi rọra jáde, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ tán, ó sì wọlé lọ kírun láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà dúró ní àgbàlá, wọ́n ń wo aṣọ rẹ̀ bó ti ń lọ, omi kò dà sí i. Mojísọ́lá náà ń wò ó.

Ọjọ́ Ajé

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí ó ti wí. Mojísọ́lá ń múra àtilọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ti wọ bàtà kan. Ó jókòó pẹ̀lú èkejì lọ́wọ́. Ó ti sọ pé ohun tí mo bá sọ ni òun yóò ṣe, kò sì wò mí lójú, kí ó má baà dà bí ẹni pé ó ń ràn mí lọ́wọ́.

Ọ̀gá náà kí mi dáadáa, ó béèrè ara mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti bá wa bẹ̀ ẹ́?"

Ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ. A máa ń ní a ó fi sí àdúrà. A máa ń ní kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má dúró dè é mọ́. Ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Kò ní padà."

Ó bi mí bóyá àwọn ṣẹ ọmọ náà ni. Mo ní rárá, mo ní wọ́n tọ́jú rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́ pé, "Ṣùgbọ́n ọwọ́ búùtà yín há jù fún àgbàlagbà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà ti kọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní inú òun bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun dúpẹ́ pé mo sọ ọ́ kí ó yé òun, nítorí ẹlòmíràn ì bá máa fi òun ṣeré títí oṣù yóò fi parí. Ó ní kí n kí i.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Mojísọ́lá ṣì di bàtà kejì mú.

Ó ní, "Màámi, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní, "Kò dá mi lójú. Ẹ̀rù ń bà mí bó ṣe ń bà mí lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tíṣà yìí yóò tó ọ jẹ títí dọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí o padà, ẹ̀rù mi ni o ń lọ ṣiṣẹ́ fún."

Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà kejì, ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde, nítorí pé àwọn ọmọ ń dúró.

Mo dúró lójú fèrèsé. Títì tó wà níwájú ilé Alhaja kì í ṣe ti eré, ọ̀kadà ń gba ibẹ̀ láti apá méjèèjì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ sì ń kọjá. Mo fẹ́ pè é kí ó rọra. Mo ti fa èémí rẹ̀ sínú. Mo pa ẹnu mọ́, mo ń wò ó.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá.